Ìyàwó Tó Kẹ́yìn Wọ Ilé Ọdẹ́wálé

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Dorcas ti wà nínú àgbàlá ilé Ọdẹ́wálé ní Ìrémọ, ó ń gbálẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á na ẹ̀yìn díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ni ìyàwó ilé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dorcas ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti di bàbá ọmọ ní Port Harcourt. Síbẹ̀, ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Nílé Ọdẹ́wálé, ìyàwó tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀. Bó bá ti gbá a dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, á fi ìdí ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀kùn, á kúnlẹ̀, á kí ẹni tó wà nínú yàrá náà, á sì dúró títí onítọ̀hún á fi dáhùn kó tó kọjá sí ẹnu ọ̀nà tó kàn. Yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó mìíràn á fi dé. Ìyàwó tó ṣáájú Dorcas kò ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Dorcas náà rò pé bí tòun bá pẹ́ jù, ọdún mẹ́ta ni.

Àmọ́ ìyàwó kankan ò tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ilé náà gbéyàwó o, wọ́n gbé e dáadáa, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n gbé e sí, àti Àbújá, àti òkè òkun. Wọ́n á mú ìyàwó wá kí àwọn àgbà ṣàdúrà fún un, wọ́n á ya fọ́tò nínú àgbàlá, wọ́n á sì wọ mọ́tò padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìgbálẹ̀ ṣe há sọ́wọ́ Dorcas nìyẹn fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, oòrùn á ti ràn dáadáa kó tó kan ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Báyìí, ilẹ̀kùn méjì péré ló kù tí èèyàn ń dáhùn nínú rẹ̀. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ìyókù, ìpẹtà sì ti bo púpọ̀ nínú wọn. Dorcas ṣì ń gbá iwájú wọn. Nígbà mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ á gbàgbé, á kan ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn, orúnkún rẹ̀ á ti fẹ́ kanlẹ̀ kó tó rántí pé ẹni tí òun fẹ́ kí ti wà nínú sàréè.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àwọn yàrá yẹn máa ń dáhùn. Páànù á dún gbàù bí oòrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára. Eku á sáré lájà. Nǹkan kan á já bọ́ nínú yàrá tí ẹnì kankan ò ṣí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé onílé jáde. Ìyá Sùmáyà, ìyáálé gbogbo ilé, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe.

"Ìyàwó, bó o bá gbọ́ ìró nínú yàrá tí kò sẹ́ni, o ò gbọdọ̀ dáhùn. Má yọjú síbẹ̀. Ka àdúrà tìrẹ, kí èmi náà ka tèmi."

Dorcas sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ilẹ̀kùn Bàbá Awódélé ni ó kàn kẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Awódélé. Kápẹ́ńtà ni nígbà tó lágbára, òun ló sì kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tó wà nínú ilé náà. Bí Dorcas bá ti kan ilẹ̀kùn, bàbá náà á fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kó, kó, kó, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ṣé o jí ire?"

"A jí ire, Bàbá wa. Ẹ kú àárọ̀. Ṣé ara le?"

"Ara ọkọ rẹ le. Wọlé wá po tíì fún mi."

Ó po tíì fún un. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gba ife, ife sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dorcas nu ilẹ̀, ó po òmíràn. Ìyẹn náà tún bọ́. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ tó ń fa ayùn látàárọ̀ dalẹ́ ni kò lè mú ife mọ́ yìí. Ọjọ́ ogbó nìyẹn."

Dorcas náà rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́nà, nítorí ó fẹ́ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Bọ́látitó ni, ọmọ Bàbá Awódélé tó wà ní Kánádà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bọ́látitó nígbà tí wọ́n gbé Dorcas wọlé, nítorí náà Dorcas kò lè pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ló ń pè é.

"Ìyàwó mi, ẹ káàárọ̀ o," ni Bọ́látitó wí.

"Adúmáadán, ọkọ mi. Ṣé ẹ ò sùn lọ́hùn-ún ni?"

"Oorun ò wá. Ta ló wà lọ́dọ̀ Daddy báyìí?"

"Ilé kún," ni Dorcas dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti ṣẹ́ yọ. Nílé Ọdẹ́wálé, ẹnì kan kì í sọ pé kò sẹ́nì kan nílé. Èèwọ̀ ni. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ilé di òfìfo, òfìfo ló ń pè wá. Bí àlejò bá dúró lẹ́nu géètì tó bèèrè ẹni tó wà nílé, bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ kan àti adìyẹ kan ló wà níbẹ̀, "Ilé kún" ni ìdáhùn. Nígbà tí ilé kún lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Nígbà tí ilé kò kún mọ́, kò sẹ́ni tó rántí yí i padà.

"Mo kàn ń rò ó pé kí n wá ẹnì kan tí á máa gbé pẹ̀lú wọn," ni Bọ́látitó wí. "Èmi ni màá máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù."

Bàbá Awódélé ti gbọ́. Ó na ọwọ́ òsì gba fóònù.

"Ọmọ ọ̀dọ̀? Nínú ilé bàbá mi? Kí àwọn ará àdúgbò lè máa sọ pé àwọn Ọdẹ́wálé ti tán, àjèjì ló ń bu omi fún wọn? Bọ́lá, ilé kún. Lọ sùn."

Bọ́látitó sì lọ sùn.

Kí Dorcas tó jáde, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Sùmáyà, tó wà lórí ẹní rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa wo Bàbá. Ọ̀la ni màá dé." Dorcas mọ̀ pé ìyá náà kò lè rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá láìsí ẹni tó dì í mú. Ìyá náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó sún ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ kan síwájú, ó ní, "Máa lọ. Ilé kún."

Òjò dí Dorcas mọ́ Ẹdúnàbọ̀n lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má tíì lọ, ilẹ̀ ń yọ̀. Lọ́sàn-án, ó pe fóònù Bàbá Awódélé. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Dorcas rò pé ó ń sùn ni. Ó pe Ìyá Sùmáyà.

"Ṣé àlàáfíà ni, Ìyáálé mi? Bàbá ńkọ́?"

"Alhamdulillahi. Àlàáfíà la wà. Àwọn ará ibí nìkan ni wọn ò jẹ́ kí n sinmi."

"Àwọn wo?"

"Oyèlárán ni. Láti àná ló ti ń kan ògiri. Bó ṣe máa ń kàn án nígbà tó wà láyé tó bá fẹ́ omi mu. Mo ti ka àdúrà sí i títí. Ó ti ń rọlẹ̀ báyìí."

Oyèlárán ni orúkọ ẹni tó gbé yàrá àárín kó tó kú. Yàrá náà ló wà láàárín ti Ìyá Sùmáyà àti ti Bàbá Awódélé, ó sì ti wà ní títì láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Dorcas rẹ́rìn-ín sínú fóònù.

"Ẹ máa bá àdúrà lọ, Ìyáálé mi. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Títí di òní, ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí Dorcas gbádùn ara rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan fi bú u. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó padà dé, ewé ti bo àgbàlá. Ó gbé báàgì sílẹ̀, kò mú ìgbálẹ̀, ọwọ́ lásán ló fi kan ilẹ̀kùn Bàbá Awódélé. Ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó kí i. Ó dúró kí ó dáhùn. Kò gbọ́ ọ̀pá, kò gbọ́ ohùn. Ó tún kàn án. Nígbà náà ló gbọ́ ọ, ó rọra dún bí ìgbà tí aláǹgbá bá ń rìn lára ògiri: kó. Ó pẹ́. Kó.

Bàbá Awódélé ní àṣà pé bó bá fẹ́ sun oorun ọ̀sán, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra láti inú kí ewúrẹ́ àdúgbò má baà wọlé. Ó ti tì í lọ́sàn-án Sátidé, ilẹ̀kùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, igi gidi. Dorcas fi èjìká tì í, kò mì. Ó sáré jáde sí títì, ó ń pariwo. Nínú gbogbo ilé Ọdẹ́wálé, tí orúkọ rẹ̀ kún Ìrémọ, kò sí ọkùnrin kan tó lè fọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ méjì tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí ló bá a já a.

Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètè rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo iṣu. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di ọ̀pá mú. Ibi tó ti ń fi ọ̀pá náà kan ògiri, ọ̀dà ti họ, sìmẹ́ńtì ti yọ, ó ti di ihò kékeré. Òdìkejì ògiri yẹn ni yàrá Oyèlárán. Yàrá òfìfo ló gba ìró náà, tó sì gbé e kọjá sí etí Ìyá Sùmáyà, ìyá sì fi àdúrà dá òkú lóhùn nígbà tí alààyè ń pè é.

Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Ìdrís ló gbà wọ́n. Ó yẹ Bàbá wò, ó fa omi sí i lára, ó wá yíjú sí Dorcas.

"Màmá, ìgbà wo ni ẹnì kan rí wọn kẹ́yìn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí apá wọn ń ṣiṣẹ́?"

"Àárọ̀ Sátidé. Èmi ni mo po tíì fún wọn."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ta ló rí wọn?"

"Ilé kún, Dókítà."

"Mo gbọ́, mà. Nínú àwọn tó kún ilé, ta ló rí wọn?"

Dorcas la ẹnu, kò rí orúkọ pè. Dókítà náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga, ó jókòó.

"Rọpárọsẹ̀ ni, mà. Stroke. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá rí i tí ẹnu èèyàn wọ́, tàbí tí apá kan kò ṣeé gbé sókè bí èkejì, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dúró kí ó sùn lé e. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Wákàtí díẹ̀ la ní tí ìtọ́jú kan fi lè wúlò dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí àmì kankan ṣáájú?"

"Ife bọ́ lọ́wọ́ wọn," ni Dorcas wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. A rẹ́rìn-ín ni."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín sí i, mà. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn nínú ilé yìí?"

"Mẹ́ta."

"Ta ló kéré jù?"

"Èmi ni."

Dókítà wo ewú orí rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ nípa iye èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú kan ti ń darúgbó, wọn kì í wo iye ilé. Wọ́n á bèèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mélòó ló ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Wọ́n á bèèrè pé fún àgbà kan, ẹni mélòó tó lágbára ló wà láti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á wá wò ó bóyá wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Nínú ilé tiyín, mélòó ló ti lé lọ́gọ́ta?"

"Gbogbo wa ni."

"Mélòó ló lágbára láti gbé ẹnì kan dìde nílẹ̀?"

Dorcas wo orúnkún rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ sọmọ lórúkọ níbẹ̀ kẹ́yìn?"

Dorcas ronú. Ìsìnkú ló ń rántí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ kẹ́yìn nínú àgbàlá yẹn ni ọmọ tirẹ̀ tó ti di bàbá ọmọ. Ó rántí ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ọmọ kẹ́yìn, bí kíláàsì kìn-ín-ní ṣe ń dínkù lọ́dọọdún títí wọ́n fi pa á pọ̀ mọ́ kíláàsì kejì. Àwọn òbí ń kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, sí Èkó, sí ibi tí iṣẹ́ wà. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kò kàn rò ó pé ohun kan náà ni.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọdé ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà," ni ó wí.

"Òótọ́ ni. Ohun tó ń tan wá jẹ nìyẹn. Bí ẹ bá ka gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló kún un. Ṣùgbọ́n wọn ò sí ní agboolé yín. Ẹ ò lè fi ọ̀dọ́ tó wà ní Lẹ́kí gbé Bàbá nílẹ̀ ní Ìrémọ. Àdúgbò kan lè ti darúgbó tán nínú orílẹ̀-èdè tó kún fún ọmọdé. Àdúgbò tiyín lẹ máa kà, mà, ilé sí ilé, kí ẹ sì ka àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ilé."

Bàbá Awódélé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní gbogbo àárọ̀, á fi ìka ọwọ́ òsì kan irin bẹ́ẹ̀dì, kó, kó, kó. Àwọn nọ́ọ̀sì á sáré wá, wọ́n á bèèrè bóyá omi ló fẹ́, bóyá ìrora ni. Dorcas nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe. Á kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá wa. A jí ire." Ọwọ́ bàbá á sì sinmi. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, Dorcas dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró, ó ń retí ìró náà, kò gbọ́ ọ. Bàbá ti kú.

Lọ́jọ́ kejì ni Bọ́látitó balẹ̀ sí Èkó. Ó wọ ilé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kò tíì jókòó, kò mu omi.

"Ìyàwó mi, ẹ sọ fún mi pé ilé kún," ni ó wí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Dorcas ká ní ó pariwo. "Mo bi yín láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ ní ilé kún."

Dorcas kò wá àwáwí. Ó mú ìgbálẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Adúmáadán, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó mú un lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní gbogbo ilẹ̀kùn, ó fi ìdí ìgbálẹ̀ kàn án, ó kúnlẹ̀, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Bọ́látitó ń wò ó. Nígbà tí wọ́n fi dé ilẹ̀kùn kẹrin, Bọ́látitó ti ń sunkún. Ó gbá Dorcas lápá mú, ó ní, "Ó tó. Ẹ dìde. Ó tó."

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó dáhùn ni ti Ìyá Sùmáyà. Ìyá náà ti kéré mọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Bàbá jáde. Kò jẹ́ kí wọ́n kí òun tán.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo gbọ́ bàbá rẹ lọ́jọ́ Sátidé, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo rò pé òkú ni. A ti pẹ́ láàárín àwọn òkú jù nínú ilé yìí, a ò mọ ìró alààyè mọ́."

Bọ́látitó wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó fi ìka kan sínú ihò tó wà lára ògiri.

"Èmi náà mọ̀," ni ó sọ níkẹyìn, láìyí ojú padà. "Mo mọ àwọn tó ti kú, mo mọ àwọn tó ti lọ. Bí mo bá jókòó kà á, mo lè kà á. Mi ò kà á. Ìdáhùn yẹn ni mo ń bèèrè fún, nítorí bí ẹ bá ti ní ilé kún, mo lè sùn."

Wọ́n sin Bàbá Awódélé. Ní ọjọ́ yẹn, ilé kún lóòótọ́, mọ́tò kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ́látitó kò jẹ́ kí wọ́n tú ká. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá nínú ilé náà fi í sílẹ̀, kí wọ́n fi yàrá wọ̀nyẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ilé, ní owó tí kò ga, kí ẹni tó bá gbà á máa kan ilẹ̀kùn àwọn àgbà láàárọ̀ kó tó lọ sí kíláàsì. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní yàrá bàbá òun kì í ṣe ilé àyágbé. Òmíràn ní òun ń bọ̀ wá tún tòun ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Àwọn díẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù gbé tiwọn wọ mọ́tò lọ.

Yàrá Oyèlárán wà nínú àwọn tí wọ́n ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn Ìyá Sùmáyà láàárọ̀, wọ́n sì máa ń kan ti Dorcas. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn Dorcas láàárọ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà nìyẹn. Ó dáhùn, ó ní, "A jí ire."

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Sùmáyà, ọmọ ìyáálé rẹ̀, pe Dorcas lórí fóònù láti Àbújá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyàwó mi. Ìyá mi ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ti wà lórí ahọ́n Dorcas. Ìyá Sùmáyà jókòó sórí ẹní, ó ń wò ó. Dorcas gbé e mì.

"Ọkọ mi, kò sí ẹnì kankan," ni ó wí. "Àwọn ọmọ méjì tó yá yàrá ti lọ sílé fún ìsinmi. Èmi àti ìyá yín la kù. Orúnkún mi kò gbádùn, ìyá yín kò lè dá rìn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí èmi bá ṣubú lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ wá, tàbí kí ẹ rán ẹni tó máa wá."

Ìyá Sùmáyà kò bínú. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Dorcas mú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Sùmáyà dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí tí òbí yín wà nílé, ẹ má bi wọ́n bóyá ilé kún. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wọlé wá kí wọn lónìí, kí wọ́n dárúkọ onítọ̀hún, kí ẹ sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí fóònù bá dún títí tí wọn kò gbé e, ẹ má sọ pé wọ́n ń sùn, ẹ rán ẹnì kan lọ wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wọn kan wà lọ́wọ́ aládùúgbò tó ní agbára láti rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ṣubú tán. Ẹ̀yin àgbà, òtítọ́ kò sọ ilé yín di òfìfo. Ó ti ṣófo kí ẹ tó sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣètò ìlú náà ní láti ka àwọn àdúgbò àtijọ́ yìí lọ́tọ̀, kí wọ́n mọ ibi tí àgbà ti pọ̀ ju ẹni tó lè tọ́jú wọn lọ, kí wọ́n sì gbé nọ́ọ̀sì lọ bá wọn.

Ihò tó wà lára ògiri yàrá Bàbá Awódélé ṣì wà níbẹ̀. Bọ́látitó ní kí ẹnì kankan má dí i. Nígbà mìíràn, bí oòrùn ọ̀sán bá mú, Dorcas máa ń gbọ́ ọ láti ibẹ̀, kó, kó, kó. Ó lè jẹ́ páànù. Ó lè jẹ́ eku. Kì í ka àdúrà sí i mọ́. Á fi nǹkan tó ń ṣe sílẹ̀, á di orúnkún rẹ̀ mú, á dìde, á lọ ṣí ilẹ̀kùn, á sì wò.